Ẹ Yé Fi Ọmọ Kan Ṣoṣo Lé Bọ́ọ̀lù: Lẹ́tà sí Àwọn Akọ́nimọ̀ọ́gbá Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní bọ́ọ̀lù ní Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹ̀rú, Ìlíṣàn, Òde-Rẹ́mọ àti gbogbo agbègbè wa, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń fi owó ara rẹ̀ ra bọ́ọ̀lù, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í fún un ní kọ́bọ̀. Ẹjọ́ ni mo mú wá rò, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹni tó fẹ́ràn yín ni.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Mamelodi Sundowns ti South Africa wá sí pápá MKO Abíọ́lá ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì na Remo Stars ní góòlù 5 sí 1. Nígbà tí àwọn ọmọ wa lọ bá wọn ní Pretoria, wọ́n tún nà wọ́n ní 2 sí òdo. Ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ kọ́ ni Remo Stars. Òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Daniel Ogunmodede kó gba ife líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024/25, nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ṣì kù. Bí ẹgbẹ́ tó dára jù lọ ní Nàìjíríà bá jẹ góòlù méje lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, ó yẹ ká jókòó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Kí ni mo wá gbọ́? Wọ́n ní owó ni, pé ìdílé Motsepe tó ni Sundowns lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹlòmíràn ní orí ni kò bá wa ṣe é. Àwọn kan sì ní àwọn ọmọ wa kò sáré tó. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dùn mí jù, nítorí òun gan-an ni ẹ ń sọ létí àwọn ọmọ ọdún méjìlá lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá wa. Gólì alátakò yí bọ́ọ̀lù fún ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kan. Námbà 9 tiyín gbéra, ó ń sáré bọ̀ ní títọ́ gbọnrangandan. Ẹ̀yin wà létí pápá, ẹ ń pariwo: "Bá a! Bá a! Gbà á lẹ́sẹ̀ ẹ̀!" Kí ọmọ náà tó dé ibẹ̀, bọ́ọ̀lù ti padà sọ́dọ̀ gólì, gólì sì ti gbá a fún ọwọ́ ẹ̀yìn kejì. Ọmọ náà ṣẹ́rí, ó tún sáré lọ. Àwọn yòókù ńkọ́? Námbà 10 dúró, ó ń wòran. Àwọn ọwọ́ àárín ti fà sẹ́yìn, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn yín fi ẹ̀yìn ti éétíìnì tiwọn. Ibẹ̀, láàárín námbà 9 àti ẹni tó tẹ̀ lé e, ni àwọn alátakò ti ń gba bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń yíjú, tí wọ́n ń gbé orí sókè wo ibi tó wù wọ́n. Kó tó di ìṣẹ́jú 30, ó ti rẹ ọmọ náà. Ẹ yọ ọ́, ẹ ní kò lágbára.

Bí adìẹ bá já nínú ọgbà, ẹnì kan kì í dá lé e. Ẹnì kan á dí ẹnu ọ̀nà, ẹlòmíràn á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹni tó ń lé e á kàn máa darí rẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń dè é. Bẹ́ẹ̀ ni kíká alátakò mọ́lé, èyí tí òyìnbó ń pè ní pressing. Ẹni tó kọ́kọ́ gbéra kò lọ gba bọ́ọ̀lù; ọ̀nà kan ló lọ dí. Tó bá sáré ní títọ́, ọ̀tún àti òsì ló ṣí sílẹ̀ fún alátakò. Ṣùgbọ́n bó bá yí ẹsẹ̀ rẹ̀ po, tó gba apá ọ̀dọ̀ gólì wọlé, ara rẹ̀ ti dí ọ̀nà àtipadà. Ẹ̀gbẹ́ ìlà pápá nìkan ló kù, níbi tí kò sí ibi tí wọ́n lè yà sí mọ́. Ibẹ̀ ni ọmọ kejì ti ń dúró, tí ọmọ kẹta sì ti so mọ́ ọwọ́ àárín tí wọn ì bá gbá a fún.

Àkókò tí wọ́n á gbéra ló tún wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Bọ́ọ̀lù ta lẹ́sẹ̀ ẹni tó gbà á. Tàbí ẹni náà kọ ẹ̀yìn sí wa. Tàbí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá fún un ń falẹ̀, ó ń tọ pọ́n-ún pọ́n-ún. Bí ọmọ bá rí irú àmì bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn á lọ lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan ọwọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n á sún wá sí àárín pápá kí àlàfo má bàa wà. Bí wọn kò bá rí i, kí wọ́n dúró pa pọ̀, kí wọ́n mí.

Ẹ máa ń sọ pé pápá wa ò dáa, pé òkúta ni, pé kòtò ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: pápá tí bọ́ọ̀lù ti ń ta kiri ni àwọn àmì yẹn ti ń pọ̀ jù. Kò sí ibi tó dára láti kọ́ ọmọ ní kíká alátakò mọ́lé tó pápá gbágungbàgun wa yìí.

Kò sì gba owó. Arrigo Sacchi, tó kó AC Milan gba ife Yúróòpù ní 1989 àti 1990, bàtà ló ń tà kó tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, Ruud Gullit àti Marco van Basten, ń bá a jiyàn pé ẹ̀bùn ju ètò lọ, ó mú gólì kan àti ọwọ́ ẹ̀yìn mẹ́rin, ó ní kí àwọn mẹ́wàá kọjú ìjà sí wọn fún ìṣẹ́jú 15. Bí àwọn márùn-ún bá ti gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn mẹ́wàá, kí àwọn mẹ́wàá padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì pápá tiwọn. Àwọn mẹ́wàá náà kò rí góòlù kankan gbá wọlé.

Ọ̀rọ̀ mímú bọ́ọ̀lù jáde láti ẹ̀yìn náà wà ńlẹ̀. Láti 1992 ni òfin ti ní kí gólì má fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá sí i. Ní 2019, wọ́n tún gbà kí ọwọ́ ẹ̀yìn máa gba bọ́ọ̀lù gólì nínú éétíìnì gan-an. Àwọn ẹgbẹ́ tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n lo àǹfààní yìí, ẹ̀yin náà sì ní kí ọmọ yín máa gbá a ní kúkúrú. Ẹ ò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ìjẹ ni bọ́ọ̀lù kúkúrú yẹn: à ń fi í fa alátakò jáde ni. Bí mẹ́ta bá wá, ẹnì kan wà lófìfo níwájú, ẹ wá a. Bí mẹ́fà bá wá, ẹ gbé e kọjá lórí wọn, bọ́ọ̀lù gígùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wá, kí ọwọ́ ẹ̀yìn gbé e rìn títí ẹnì kan á fi wá. Dípò èyí, "Kúkúrú!" lẹ ń pariwo lọ́sẹ̀ yìí, bí wọ́n bá jẹ góòlù kan, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó di "Gbá a dànù! Ṣé o fẹ́ pa wá ni?" Ọmọ náà wá ń fi etí gbá bọ́ọ̀lù, kò fi ojú gbá a mọ́.

Sundowns kan náà pàdé Borussia Dortmund ní Cincinnati ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, nínú ife àgbáyé àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ronwen Williams, gólì wọn, fẹ́ mú bọ́ọ̀lù jáde, ó gbá a fún Felix Nmecha ti Dortmund, ó di góòlù. Dortmund gòkè dé 4 sí 1. Sundowns sì bá a dé 4 sí 3. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, irú bọ́ọ̀lù kan náà ni wọ́n gbé wá sí Abẹ́òkúta. Ọmọ wo ní Rẹ́mọ ló ṣe irú àṣìṣe Williams, tí ẹ tún jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ kejì?

Mo mọ ohun tó ń lé yín: ife kékeré ìparí ọdún, àwọn òbí, àti àwọn tó ń wá ra ọmọ, tí ojú wọn kì í kúrò lára ẹni tó bá gé ẹni mẹ́ta. Ṣùgbọ́n Ìkẹ́nnẹ́ yìí ni Tai Solarin ti dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní 1956, tó ń fẹ́ kí ọmọ ronú, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan. Mi ò rí ìdí tí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kò fi ní lè ronú lórí pápá.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ gé pápá yín sí méjì, ẹ fi gólì kan àti mẹ́rin síbẹ̀ láti mú bọ́ọ̀lù jáde, kí mẹ́rin mìíràn máa ká wọn mọ́. Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Lẹ́yìn náà, ẹ pe námbà 9, ẹ bi í pé: kí lo rí tó o fi gbéra? Kí ló dé tó o fi dúró nígbà kejì? Ẹ gbọ́ ọ dé òpin, bí ìdáhùn náà tilẹ̀ wọ́, kí ẹ sì tún un gbá láti ibẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kan ní Ṣàgámù