Ẹ Fi Gíga Mọ́tò Yín Sílẹ̀ Bó Ṣe Wà

Àṣà kan ti wọ àárín àwọn onípíkọ́ọ̀pù agbègbè Tchaourou, mi ò sì ní fi igbá kan bo ọ̀kan nínú nípa rẹ̀: àṣà burúkú ni. Èèyàn á ra Hilux, kò tíì gbé e dé oko lẹ́ẹ̀kan, á ti wà á lọ sọ́dọ̀ mekáníìkì pé kí wọ́n bá òun ki irin bọ abẹ́ rẹ̀ kó lè ga sí i, kí wọ́n sì bá òun wá táyà fífẹ̀ tí yóò yọ síta lára mọ́tò. Bẹ́ ẹ bá bi í léèrè, á ní torí ọ̀nà oko ni. Ọ̀nà oko wo? Ọ̀nà tiwa ò bèèrè irú gíga bẹ́ẹ̀, kò sì bèèrè irú fífẹ̀ bẹ́ẹ̀. Táyà tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ga díẹ̀, tó lè ru ẹrù, tó sì jẹ́ tuntun, ìyẹn ló ń bèèrè. Ní ti sípíríǹ àti ṣọ́ọ̀kì, ibi tí àwọn tó ṣe mọ́tò fi wọ́n sí ni kí wọ́n wà.

Ẹ wo ilẹ̀ tí à ń sọ ná. Kọ́múùnù Tchaourou ló fẹ̀ jù ní gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó lé ní 7,000 kìlómítà níbùú lóòró. Títì ńlá tó ti Cotonou wá là á já lọ sí Parakou, ojú irin tó dé Parakou lọ́dún 1936 náà sì gba ibẹ̀ kọjá. Rélùwéè ti dákẹ́ tipẹ́. Iṣu, kajú, sóyà àti èédú ò sì hù sẹ́bàá títì. Inú oko lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń wá, láti apá Bétérou, láti Alafiarou, láti Goro, láti Kika tó sún mọ́ odò Okpara àti ààlà Nàìjíríà. Orí táyà píkọ́ọ̀pù ni ìwúwo gbogbo wọn wà báyìí.

Yangí ló pọ̀ jù lábẹ́ àwọn ọ̀nà oko yìí. Láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá tí òjò fi ń rọ̀, ẹrẹ̀ á bo yangí náà, ẹrẹ̀ tó ń yọ̀ ṣùgbọ́n tí kò jìn. Táyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ á wọnú ẹrẹ̀ bí ojú ọkọ́, á gé e dé ìsàlẹ̀, á kan yangí, á sì rí nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Táyà fífẹ̀ ò ní dé ìsàlẹ̀ yẹn. Orí ẹrẹ̀ ló máa dúró sí, á máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, títí ìdí mọ́tò á fi ya sínú kòtò tí àgbàrá gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Tó bá wá di ìgbà ọyẹ́, ti òkúta wẹẹrẹ ló kù. Ara táyà tó yọ síta ni etí yangí mímú máa ń là, fọkanáísà kan ò sì lè lẹ ẹ̀gbẹ́ táyà tó ti ya kó pẹ́.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i kọ́. Orí fóònù ni. Àwọn ará Iceland ń lo táyà gìrìwò, 38 íǹṣì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, lórí irú Hilux kan náà tá à ń lò níbí. Ilé iṣẹ́ wọn kan tó ń jẹ́ Arctic Trucks ti sọ iṣẹ́ náà di ohun tí ayé mọ̀. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Yìnyín tó jìn ni wọ́n ń rìn lórí rẹ̀, kò sí ilẹ̀ líle kankan nítòsí tí táyà lè kàn, nítorí náà àfi kí mọ́tò léfòó. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń gun àpáta ní òpin ọ̀sẹ̀ náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: mọ́tò wọn ṣófo, eré ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á sì gbé e padà sílé sórí ọkọ̀ mìíràn tó bá kán. Kò sí èyí tó ru iṣu nínú wọn. Kò sí èyí tí ìyá arúgbó jókòó sórí ẹrù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò, torí ẹnu lásán làwọn tó ń ta irin ìgbésókè fi ń tà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn Hilux èyíkéyìí kẹ́ ẹ yọjú wo abẹ́ rẹ̀. Ohun tó sún mọ́ ilẹ̀ jù ni ákúsù ẹ̀yìn, pàápàá irin roboto tó wà láàárín rẹ̀, èyí tí jíà tó ń yí táyà wà nínú rẹ̀. Òun ló máa ń gbá yangí àárín ọ̀nà. Ẹ gbé ara mọ́tò sókè ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ẹ gbé e ní mẹ́wàá, irin yẹn ò ní kúrò níbi tó wà, torí táyà ló gbé e dúró, kì í ṣe sípíríǹ. Owó tẹ́ ẹ ná ò kan ibi tó ń gbá ilẹ̀ rárá.

Táyà nìkan ló lè gbé ákúsù. Hilux tó ń lo 265/65R17, táyà rẹ̀ ga tó 77.6 sẹ̀ǹtímítà. Bẹ́ ẹ bá fi 285/70R17 tí wọ́n ń wá kiri rọ́pò rẹ̀, gíga á di 83.1. Ìyàtọ̀ jẹ́ 5.5, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ló máa kan ákúsù, torí àárín táyà ló wà: kò pé sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ẹ fi í wé 235/85R16, tó ga ní 80.6, tó sì fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tẹ́ẹ́rẹ́ ju táyà gìrìwò yẹn lọ. Sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ péré ni táyà fífẹ̀ fi gbé ákúsù ju èyí lọ. Nítorí sẹ̀ǹtímítà kan yìí ni wọ́n ṣe ń gé irin ẹnu ibi tí táyà ń wọ̀, tí wọ́n ń ki irin bọ sípíríǹ, tí wọ́n sì ń pè é ní ọgbọ́n.

Ohun tí wọ́n ń pàdánù ńkọ́? Láti 77.6 sí 83.1, ìyípo táyà fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i. Agbára ẹ́ńjìnnì tó ń dé ilẹ̀ á dín ní nǹkan bí ìdá 7, ti bíréèkì náà á dín bẹ́ẹ̀. Ago tó ń ka eré á máa pa irọ́: bó bá ní 100, ẹ ń sá 107. Mọ́tò tó ń gun òkè pẹ̀lú àpò kajú lẹ́yìn ò ní ohun tó lè fi tọrẹ nínú agbára rẹ̀, èyí tó sì ń sọ̀kalẹ̀ kò ní bíréèkì tó lè fi ṣòfò.

Ìpalára ìgbésókè fúnra rẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, abẹ́ mọ́tò ló sì fara pamọ́ sí. Kádáànì iwájú, irin tó ń gbé agbára lọ sí táyà, ní oríkèé méjì tí rọ́bà bò. Bí ara mọ́tò bá ga sí i, kádáànì á dagun ju bó ṣe yẹ lọ, rọ́bà á máa ha ara, á ya, eruku yangí á wọlé, oríkèé á sì jẹ. Lára àwọn Hilux àtijọ́, tí wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ wa jù, irin kan wà tó so bíréèkì ẹ̀yìn mọ́ ákúsù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀ bóyá ẹrù wà lẹ́yìn: bí ẹ̀yìn bá rẹlẹ̀, ó gbà pé ẹrù ti wà, á jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn mú dáadáa, bí ẹ̀yìn bá ga, ó gbà pé mọ́tò ṣófo, á sì dín in kù. Ẹ wá gbé ẹ̀yìn mọ́tò yẹn sókè láìtún irin náà ṣe, kẹ́ ẹ sì kó tọ́ọ̀nù kan iṣu sí i. Bíréèkì á máa hùwà bíi pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti sọ̀kalẹ̀ lọ síbi afárá pẹ̀lú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Mélòó nínú àwọn tó ń gbé mọ́tò sókè ló mọ̀ pé irin yẹn wà rárá?

Ti àwọn tó ń jókòó lórí ẹrù ló ká mi lára jù. Lọ́jọ́ ọjà, lórí àpò sóyà, lórí iṣu, lórí èédú, àwọn ìyá wa ni, àwọn ọmọ ilé ìwé ni, àwọn Fúlàní tó ń lọ ta wàrà ni. Ẹrù ti ga kọjá orí mọ́tò kí èèyàn tó gun un. Ẹ tún wá gbé gbogbo rẹ̀ sókè sí i. Ọ̀nà tí àgbàrá ti jẹ apá kan rẹ̀, tí táyà ọ̀tún wà lókè tí ti òsì wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni mọ́tò ti ń ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì ní láti máa sáré rárá kó tó ṣubú.

Bẹ́ ẹ bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, ẹ gbọ́ ti Sweden. Teknikens Värld, ìwé ìròyìn mọ́tò ibẹ̀, gbé Hilux dán wò lọ́dún 2007, ó tún dán òmíràn wò lọ́dún 2016: wọ́n kó ẹrù sí i, wọ́n sì yà á lójijì bí ẹni yẹra fún ẹran tó já sójú ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni táyà apá kan gbéra nílẹ̀, ti ọdún 2016 sì jẹ́ lórí eré tí kò ju nǹkan bí 60 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Mọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbé sókè nìyẹn o, lórí títì gbígbẹ. Ewúrẹ́ àti màlúù tó ń já sójú ọ̀nà wa ṣé wọ́n kéré ni?

Àwọn ọlọ́jà kan á dá mi lóhùn pé kì í ṣe fáàrí làwọn fi gbé tàwọn sókè, pé bí ẹrù bá ti wọlé, ẹ̀yìn á jókòó, táyà á sì máa ha ara mọ́tò. Èsì yìí ló dára jù nínú gbogbo èyí tí mo ti gbọ́, síbẹ̀ mi ò gbà. Ẹ̀yìn tó jókòó ń sọ ọ̀kan nínú nǹkan méjì: yálà làámù, àwọn irin pẹlẹbẹ tó ru ẹ̀yìn, ti rẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun ní gíga tó ní tẹ́lẹ̀; tàbí ẹrù ti pọ̀ jù. Hilux ò ṣe ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan lọ. Ẹni tó kó tọ́ọ̀nù méjì tó wá ki irin sábẹ́ rẹ̀ ti pa ohùn tó ń kìlọ̀ fún un lẹ́nu mọ́ ni. Ẹrù yẹn ṣì wà lórí bíréèkì kan náà, lórí táyà kan náà.

Àwọn mìíràn á ní àbàtà ńkọ́, ní àkùrọ̀ àwọn odò tó ń ṣàn wọ Ouémé. Lóòótọ́, ibi tí amọ̀ jìn láìní ìsàlẹ̀ wà, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ á sì rì níbẹ̀. Táyà fífẹ̀ tó ru tọ́ọ̀nù kan náà á rì, á kàn fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́ ni. Ibi tí iyanrìn bá ti pọ̀, ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù kó lè tẹ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún un fẹ́ kẹ́ ẹ tó dé títì. Géèjì àti páǹpù kékeré kan ni ìyẹn gbà.

Àwọn tó ń fi mọ́tò jẹun ní ilẹ̀ líle Áfíríkà ti yan tiwọn tipẹ́. Ẹ wo Land Cruiser onípíkọ́ọ̀pù, irú èyí tí àwọn àjọ aláàánú àti àwọn ológun ń lò káàkiri Sahel. Táyà tó ń bá a wá fún ọjà wa ni 7.50R16: ó ga tó nǹkan bí 80 sẹ̀ǹtímítà, kò sì fẹ̀ ju nǹkan bí 21 lọ. Owó ò wọ́n àwọn àjọ yẹn. Bó bá jẹ́ pé fífẹ̀ ló ń gbani lójú ọ̀nà burúkú, wọn ì bá ti rà á.

Nítorí náà, ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ń lo 265/65R17, tó sì fẹ́ gbéra díẹ̀, kó wá rìímù 16 kó fi 235/85R16 sí i. Kì í sábà nílò kí wọ́n gé ohunkóhun. Ẹni tí tirẹ̀ wá pẹ̀lú 205R16 kékeré, kó dúró ti ìwọ̀n rẹ̀, torí láti ibẹ̀ bọ́ sí 235/85 ti jù. Kí gbogbo wọn sì ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà kí wọ́n tó sanwó. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ìwọ̀n ló ń sọ ẹrù tó lè rù: 112 jẹ́ kìlógíráàmù 1,120 fún táyà kan, 120 sì jẹ́ 1,400. Ọ̀pọ̀ 235/85R16 ló ní 120, ọ̀pọ̀ 265/65R17 ló dúró sí 112. Ẹ rí i pé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló lágbára jù. Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn DOT. Bó bá jẹ́ 2316, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Àwọn táyà tòkúnbọ̀ fífẹ̀ tí wọ́n fi dúdú kùn lára kó lè máa dán, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti mọ ọjọ́ orí wọn.

Táyà tó gbóná lábẹ́ ẹrù kì í ṣe eré. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, Firestone pe táyà mílíọ̀nù 6.5 padà ní Amẹ́ríkà, torí awọ wọn ń bó lórí eré, pàápàá lórí Ford Explorer, mọ́tò gíga tó máa ń dojú dé bí táyà bá ya. Àwọn tó kú lé ní 200. Lórí títì dídán ni o, níbi tí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ti lè dé kíákíá.

Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ àwọn olórí gáréèjì, láti Tchaourou dé Tchatchou, kò le. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí píkọ́ọ̀pù tí wọ́n bá ti gbé sókè gba èrò sórí ẹrù mọ́. Tí olówó rẹ̀ bá fẹ́ràn gíga yẹn tó bẹ́ẹ̀, kó máa dá wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ kí kajú ọdún tó ń bọ̀ tó pọ́n.