Wọ́n Ṣílẹ̀kùn fún Nọ́ọ̀sì Wa, Wọ́n Gbé Àkàbà Pamọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dùn létí ọmọ Nàìjíríà tí ó bá ń múra àtilọ sókè òkun: pé iṣẹ́ tí òun mọ̀ wà lára àwọn iṣẹ́ tí Ìlú Ọba ń wá ènìyàn sí lójú méjèèjì. Nọ́ọ̀sì tí ó bá gbọ́ èyí a máa rò pé ẹni tí wọ́n ń wá ni wọn yóò pọ́n lé. Ìrètí náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wíwá ènìyàn síṣẹ́ àti gbígbé ènìyàn ga lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹnikẹ́ni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ àárín wọn kí ó tó wọ ọkọ̀ òfurufú yóò fi ọ̀pọ̀ ọdún mọ̀ ọ́n.

Láti ọdún 2004 ni NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ náà, ti ń to owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ìpele tí gbogbo wọn ń pè ní Band 5 ni nọ́ọ̀sì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sábà máa ń fi nọ́ọ̀sì tí ó ti Ìbàdàn tàbí Èkó dé sí, ìbáà jẹ́ pé ó ti fi ọdún mẹ́wàá ṣe olórí wọ́ọ̀dù nílé. Kí ó tó yege ìdánwò OSCE, owó tí ó rẹlẹ̀ ju ti Band 5 lọ ni yóò tilẹ̀ máa gbà. Ìwé ìlànà owó oṣù NHS kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Ọdún tí ènìyàn ti lò nínú NHS tẹ́lẹ̀ ni wọn yóò kà fún un bí ó bá padà wọlé. Ní ti ọdún tí ó lò níbòmíràn, ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ni ó kù sí bóyá yóò kà á tàbí kò ní kà á. Agbanisíṣẹ́ wo ni yóò fi kún owó tí ó ń san nígbà tí òfin kò mú un ní dandan?

Ìdí ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti rí. Àìtó òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pariwo rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ni ó ti pọ̀ jù. Wọ́n nílò ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ òru, tí yóò fún aláìsàn lóògùn, tí yóò yí arúgbó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gòkè, àlàfo tí wọ́n torí rẹ̀ gbà á tún ṣí sílẹ̀. Ohun tí ó mú un wọ̀lú gan-an ni ó ń dì í mú nísàlẹ̀.

Àṣà yìí ti pẹ́. Nígbà tí NHS bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1948, oríṣi ìwé-ẹ̀rí nọ́ọ̀sì méjì ni ó wà. SRN, tí wọ́n ń fi ọdún mẹ́ta kọ́, lè sọ ènìyàn di sísítà àti métírọ̀n. SEN, ọlọ́dún méjì, kò ní ibi tí ó ń gbé ni lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí ó wá láti Karibíà àti Áfíríkà ni wọ́n tì sínú SEN láìṣàlàyé ìyàtọ̀ náà fún wọn, nígbà tí wọ́n sì padà sílé, ìwé-ẹ̀rí náà kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó, tí ó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1946, wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó kọ́kọ́ ṣe nọ́ọ̀sì nínú NHS. Ṣùgbọ́n ilé ni ó ti gòkè: òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di métírọ̀n UCH, Ìbàdàn, kí ó tó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ayé ti yí padà, kí ó wo ìṣirò tí NHS fúnra rẹ̀ ń ṣe. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti gbé ìlànà kan tí à ń pè ní WRES kalẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìròyìn rẹ̀ kì í yé fi hàn pé láàárín àwọn tí wọ́n ti ṣà lẹ́ṣà fún iṣẹ́ kan, àǹfààní aláwọ̀ funfun láti rí iṣẹ́ náà gbà pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, àti pé bí ipò ti ń ga sí i ni iye àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun ń dín kù.

Èwo wá ni ti físà? Ìwé ìgbélùú òṣìṣẹ́ so mọ́ agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí àjọṣe wọn bá bàjẹ́, ọgọ́ta ọjọ́ ni ìjọba sábà máa ń fún un láti wá ẹlòmíràn tàbí kí ó kẹ́rù rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun fẹ́ sọ ọdún márùn-ún tí ènìyàn fi ń dúró de ìwé ìgbélùú títí láé di mẹ́wàá. Ta ni yóò lanu béèrè ìgbéga níwájú ọ̀gá tí ó di irú ìwé bẹ́ẹ̀ mú? Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún kan náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn olùtọ́jú arúgbó tí wọ́n fẹ́ gbà láti òkè òkun, iṣẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kà mọ́ èyí tí ó ṣe pàtàkì ní 2022. A rí i pé kí wọ́n nílò ènìyàn lónìí kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ lọ́la.

Àwọn kan á ní kí nọ́ọ̀sì dúpẹ́, pé owó pọ́n-ùn ju náírà lọ. Àwọn mìíràn á ní kí ó kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ níbẹ̀. Owó ọ̀hún kò já ẹ̀tọ́ nù: ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ń san owó ilé, kì í ṣe ní Mókọ́lá. Ní ti ìmọ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n dán an wò nínú CBT àti OSCE kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó yege ìdánwò yín ti mọ̀ ọ́n ṣe. Oṣù díẹ̀ tó láti mọ àyíká tuntun. Ọdún márùn-ún ti di ìrẹ́jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a tún bojú wo ilé. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà ní ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ó gba ìwé àṣẹ kò ní rí ìwé ẹ̀rí gbà lọ sókè òkun. Àwọn nọ́ọ̀sì sì fi ẹ̀hónú hàn. Àbújá mọ ọdún kà nígbà tí ó ń dínà; kí ló dé tí kò mọ̀ ọ́n kà nígbà tí ó yẹ kí ó gbèjà wọn? Orílẹ̀-èdè Philippines ní iléeṣẹ́ ìjọba kan tí ó wà fún ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lókè òkun nìkan. Ọmọ tiwa ń dá lọ, ó ń dá jìyà.

Ohun tí ó yẹ kí a béèrè kò pọ̀. Kí kíka ọdún iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe nílé di dandan nínú ìlànà owó oṣù NHS. Kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan máa kéde iye nọ́ọ̀sì láti òkè òkun tí ó ti lé ní ọdún márùn-ún lórí Band 5. Kí Àbújá sì fi ọ̀rọ̀ ìgbéga sínú ìjíròrò èyíkéyìí tí ó bá ń bá Lọ́ńdọ̀nù ṣe lórí òṣìṣẹ́ ìlera.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ náà, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹ gba lẹ́tà tí ó fi ipò àti ọdún iṣẹ́ yín hàn kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ béèrè bí wọn yóò ṣe kà á kí ẹ tó buwọ́ lùwé. Ẹ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bí ẹ bá ti débẹ̀, nítorí àìrìn pọ̀ ejò ní ń jẹ ọmọ ejò níyà. Àwa tí a ń sìn yín lọ sí pápákọ̀ òfurufú, ẹ jẹ́ kí a dín ijó kù. Iye pọ́n-ùn tí ẹ̀gbọ́n wa ń fi ránṣẹ́ ni a máa ń béèrè. Ó ti tó àkókò kí a máa béèrè ipò tí wọ́n fi í sí.