Owó Obìnrin Wà Nínú Omi: Ẹ Wo Ẹnu Ẹja Kí Ẹ Tó Ra Ìwọ̀

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ gbọ́ ná. Láti Àgbádárìgì títí dé Ẹ̀pẹ́ àti ilẹ̀ Ìlàjẹ, ọkùnrin ló ń wa ọkọ̀ o, ṣùgbọ́n owó obìnrin kì í jìnnà sí ọkọ̀ náà. Ìyàwó apẹja, tàbí ìyá tó ń yan ẹja, ló sábà máa ń yá a lówó okùn, owó ìwọ̀ àti owó epo ẹ́ńjìnnì, kó lè rí ẹja gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá dé. Bí ọkùnrin bá wá ra ìwọ̀ tí kò bá ẹja mu ńkọ́? Ọwọ́ òfìfo ni yóò gbé bọ̀, gbèsè á sì di ti ìyá. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀ kì í ṣe ti apẹja nìkan nígbà náà.

Nọ́ńbà ìwọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń da orí èèyàn rú. Gbogbo aránṣọ ló mọ̀ pé abẹ́rẹ́ máṣíìnì nọ́ńbà 16 nípọn ju nọ́ńbà 11 lọ. Ti ìwọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bíi géèjì páànù lọ́wọ́ panẹbítà ló rí: bí nọ́ńbà bá ṣe ń ròkè ni nǹkan ń kéré sí i. Ìwọ̀ nọ́ńbà 14 kéré sí nọ́ńbà 8, nọ́ńbà 8 sì kéré sí nọ́ńbà 1. Tí ó bá ti kọjá nọ́ńbà 1, wọn á fi òdo tì í lẹ́yìn: 1/0, 2/0, 3/0. Níbẹ̀ ni òǹkà ti yí padà, tí nọ́ńbà ńlá wá di ìwọ̀ ńlá. Ẹni tó bá rán ọmọ ní “nọ́ńbà mẹ́rin” tí kò sọ bóyá 4 lásán ni tàbí 4/0, kó má bínú sí ọmọ o.

Ó dáa, èwo ni ká wá rà? Ẹnu ẹja ni kí ẹ wò.

Ẹ mú èpìyà. Ẹnu rẹ̀ kékeré, ó sì ń jẹ ewédò àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ nínú omi. Ìwọ̀ nọ́ńbà 12 tàbí 14 tó o, pẹ̀lú okùn náílọ́ọ̀nù tín-ínrín. Ekòló díẹ̀ tàbí ẹ̀bà tí a pò le dáadáa ni ìjẹ rẹ̀. Bí ìwọ̀ bá tóbi jù, èpìyà á jẹ ìjẹ tán, á sì fi irin sílẹ̀ fún olówó.

Obokun yàtọ̀. Ìsàlẹ̀ omi ló ń gbé, òru ló sì fẹ́ràn láti jẹun. Irùngbọ̀n ẹnu rẹ̀ ló fi ń wá oúnjẹ kiri, nítorí náà ìjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní òórùn: ekòló, edé tàbí ègé ẹja. Ní adágún odò Kainji, ọṣẹ gan-an ni àwọn apẹja ń gé sẹ́nu ìwọ̀ fún ìran ẹja bẹ́ẹ̀! Ìwọ̀ nọ́ńbà 8 tàbí 6 dára fún un, pẹ̀lú òjé tí yóò fà á dé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu ìwọ̀ ṣọ́ra o. Ó ní ẹ̀gún kan lẹ́yìn, ó tún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ̀gún náà kò mọ ọ̀gá.

Kúta ló wá le jù. Ẹja tó ń sáré lé ẹja ni, kò sì ka ohun tó dúró sójú kan sí. Apẹja tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fa ìwọ̀ tẹ̀lé ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń lọ, kí ìyẹ́ adìẹ funfun, aṣọ wínníwínní tàbí páànù dídán bo irin náà, kó lè jọ ẹja kékeré tó ń sá. Ìwọ̀ 4/0 tàbí 5/0 ló bá ẹnu rẹ̀ mu. Eyín kúta mú bí abẹ, á gé náílọ́ọ̀nù já wàrà. Nítorí náà, wáyà tó tó ìgbọ̀nwọ́ kan ni kí wọ́n fi sí àárín ìwọ̀ àti okùn, pẹ̀lú irin kékeré tó ń yí lórí ara rẹ̀, kí okùn má baà lọ́.

Eré ọkọ̀ náà ní ìwọ̀n. Bí ọkọ̀ bá ń fà jù, òjé á wọlẹ̀, ìwọ̀ á sì gbé pàǹtí. Bó bá sáré jù, ìwọ̀ á fò sójú omi. Okùn tí a tú sílẹ̀ púpọ̀ máa ń wọlẹ̀ ju èyí tó kúrú lọ.

Ẹ tún wo àkókò. Lásìkò òjò, odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ń da omi ẹrẹ̀ sínú ọ̀sà, iyọ̀ inú omi á sì dínkù. Ewé olódòdó elésè àlùkò tó ń léfòó, tó wọ Nàìjíríà láti ìhà Àgbádárìgì ní 1984, á gba ojú omi kan. Ta ló fẹ́ fa ìwọ̀ láàárín ìyẹn? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun bá wọlé, iyọ̀ á pa ewé náà, omi á mọ́, kúta náà á sì máa wọlé. Owó ìwọ̀ ńlá tí ẹ yá èèyàn lóṣù keje lè sùn sínú àpótí títí di oṣù kejìlá.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fa ẹnu ìwọ̀ náà jẹ́ẹ́ lórí èékánná. Bó bá yọ̀ lọ, ó ti kú. Bó bá há, ó mú. Ẹ gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá nà lọ́wọ́ yín, ẹja á nà án ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ra náílọ́ọ̀nù tó ti pẹ́ nínú oòrùn lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, nítorí oòrùn ń jẹ ẹ́. Kí apẹja sì fi itọ́ tutù sí kókó okùn kó tó fún un le, kó má baà gbóná kó sì já.

Bí ẹja bá wá gbé e, kó má fi ipá fà á. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹja tó fa ẹnu ya ti lọ nìyẹn, kò sí ẹni tí yóò bá ìyá san owó rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí bàbá bá tún ní “Ìyá Bísí, ẹ yá mi lówó ìwọ̀,” kí ìyá má kàn tú ìró. Kó bi í ní mẹ́ta: Ẹja wo ni? Nọ́ńbà mélòó? Ṣé àsìkò rẹ̀ ti tó? Bàbá tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Àwọn tó sì ní ọgbọ́n mìíràn létí omi tiwọn, ojú ewé lẹ́tà ń retí yín.