Onílé tó bá fẹ́ fi oòrùn se omi, kó kọ́kọ́ ṣírò

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Ara àti gbogbo agbègbè Èjìgbò, omi ìwẹ̀ ìdájí a di ìnáwó. Ẹlòmíràn á dáná igi, ẹlòmíràn á tan gáàsì, ẹni tó bá níná lọ́dọ̀ á ki irin tí wọ́n fi ń se omi bọ korobá. Nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, ìdáná mẹ́wàá nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé tánǹkì kan ṣoṣo tí oòrùn ń mú gbóná lè tó gbogbo wọn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Korobá omi ìwẹ̀ lítà 20 kò ju lítà 10 omi gbígbóná lọ, omi tútù ni ìyókù. Bí èèyàn 20 bá ń gbé ilé náà, lítà 200 ni. Láti gbé e láti ìwọ̀n 25 dé 55, yóò gba nǹkan bíi yúníìtì iná 7. Nígbà tí àjọ NERC gbé owó iná àwọn Band A dé ₦225 ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ₦1,575 lójúmọ́ nìyẹn, ₦47,250 lóṣù.

Oòrùn tó ń ràn sórí mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lápá ibí yìí máa ń tó yúníìtì 4 sí 5 lójúmọ́, ṣùgbọ́n bí ìdajì rẹ̀ ló ń wọ inú omi. Mítà mẹ́ta yóò tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àmọ́ ẹni tó bá fi oòrùn oṣù kẹta ṣírò yóò gbọ́ ẹjọ́ àwọn ayálégbé lóṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá bo ojú ọ̀run. Mítà mẹ́rin ló yẹ, kí wọ́n sì máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú díńgí rẹ̀.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni tánǹkì. Aago márùn-ún ìdájí ni àwọn èèyàn ń wẹ̀, oòrùn àná ni wọ́n sì ń lò. Tánǹkì tí wọn kò fi fọ́ọ̀mù tó nípọn wé yóò ti tutù kí ilẹ̀ tó mọ́, bó ti wù kí páńẹ́ẹ̀lì dára tó. Ìdí tánǹkì náà gbọ́dọ̀ ga ju orí páńẹ́ẹ̀lì lọ, kí omi gbígbóná lè gòkè fúnra rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ, kó má sì padà sísàlẹ̀ lóru. Omi inú rẹ̀ nìkan wúwo tó àpò ìrẹsì ńlá mẹ́rin, nítorí náà kì í ṣe orí páànù lásán ni wọ́n ń gbé e lé. Páìpù oníke tí wọ́n fi ń fa omi tútù kò sì yẹ fún un, yóò tẹ̀.

Ní Ísírẹ́lì, òfin ti ń béèrè irú nǹkan báyìí nínú ilé tuntun láti ọdún 1980. Ní Èjìgbò, àwọn tó ń ti Abidjan fowó ránṣẹ́ kọ́lé kò gbọ́dọ̀ dúró de òfin: kí wọ́n tó kan òrùlé ni páìpù rẹ̀ rọrùn láti tẹ́. Iṣẹ́ gidi wà níbẹ̀ fún wẹ́dà àti pọ́lńbà tó bá lè ṣírò fún oníbàárà kó tó béèrè owó irin.

Ọ̀rọ̀ pínpín ló kù, òun ló sì le jù. Ayálégbé tó ń jà lórí owó iná yóò jà lórí omi gbígbóná. Ó sàn kí wọ́n ka korobá fún yàrá kọ̀ọ̀kan ju kí ẹ̀rọ omi wà ní ṣíṣí fún ẹni tó bá kọ́kọ́ jí. Kí onílé tó fi kọ́bọ̀ kan lé owó ilé, kó fi ọ̀sẹ̀ méjì wọn bí omi ṣe gbóná tó láago márùn-ún ìdájí, kó sì fi ìwé rẹ̀ han àwọn ayálégbé.