Ìwé Tí Owó Ìlú Bá San, Kí Gbogbo Ọmọ Ìlú Rí I Kà Nílé

Ta ló ni ìwé tí ìjọba fi owó ìlú ṣe fún àwọn ọmọ wa? Bí ó bá jẹ́ pé ìlú ló san owó rẹ̀, ìlú ló ni ín. Orí òtítọ́ kékeré yìí ni gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ dúró lé. A ń ké sí ìjọba Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì pé ìwé kíkà Yorùbá èyíkéyìí tí wọ́n bá fi owó ìlú ṣe fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ, kí wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni sì ní àṣẹ láti gbà á sórí fóònù, láti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, àti láti pín in fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi falẹ̀. Ní ọdún 2022, àjọ UNICEF kéde pé nínú 100 ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá ní Nàìjíríà, 70 ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kí ó yé wọn. Púpọ̀ nínú wọn ló ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí wọn kò ní ni ìwé tí wọn yóò máa kà nígbà tí wọ́n bá padà dé ilé. Bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé tí kò ní ìwé ọmọdé kan ṣoṣo, fóònù wà níbẹ̀.

Ìdí tí a fi ní kí ìwé náà jẹ́ ti Yorùbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ èdè nìkan. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ ètò náà ló ta àwọn yòókù yọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Àmọ́ kí ètò náà tó lè rìn, àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn ní láti jókòó kọ ìwé ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ ní Yorùbá. Àìsí ìwé ló ń pa irú ètò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́; nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ní àwọn ti fagi lé e. Ẹni tó bá fẹ́ lè máa jiyàn lórí ìpinnu yẹn. Ohun tó dájú ni pé kò sí òfin tó de bàbá àti ìyá lọ́wọ́ nínú ilé wọn. Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ohun tí a ń bèèrè kì í ṣe àlá. Láti ọdún 2014 ni African Storybook ti ń gbé ìwé ìtàn ọmọdé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ láti South Africa ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè Áfíríkà, Yorùbá sì wà nínú wọn. Pratham Books ti ilẹ̀ Íńdíà gbé StoryWeaver kalẹ̀ ní ọdún 2015, ó sì gba ẹnikẹ́ni láàyè láti túmọ̀ ìtàn ibẹ̀ sí èdè tirẹ̀. Ìjọba South Africa náà ń pín ìwé iṣẹ́ fún àwọn ọmọ, ó sì ń fi ìwé kan náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní èdè bíi Zulu, Xhosa àti Sotho kí ẹni tó bá fẹ́ lè mú un. Iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó ń túmọ̀ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àwọn nìkan kò lè to ìwé Yorùbá ní kíláàsì-kíláàsì láti Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kìíní dé Ìkẹfà, wọn kò sì lè ṣètò pé kí àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1974 wà nínú gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti ọdún 2004 sì ti là á sílẹ̀ bí owó àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ yóò ṣe máa pàdé lórí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní dátà ti wọ́n jù. Òótọ́ ni, ní oṣù Kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láàyè láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn tí a bá fún àwòrán rẹ̀ pọ̀ dáadáa kì í jẹ dátà tó fídíò kúkurú. Ẹnì kan á gbà á lẹ́ẹ̀kan, á sì fi ránṣẹ́ láti fóònù sí fóònù láìná kọ́bọ̀. Ìjọba tún lè bá àwọn ilé iṣẹ́ náà dúnàádúrà: Vodacom ti South Africa ti jẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ wọ ojúlé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìyọ dátà. Ní ti ilé tí kò ní fóònù ńlá, ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò lè tẹ ìwé náà jáde, nítorí àṣẹ àtitẹ̀ ẹ́ ti wà nínú rẹ̀.

Àwọn òǹkọ̀wé àti onílé ìtẹ̀wé lè bẹ̀rù pé oúnjẹ ẹnu àwọn la fẹ́ gbà. A kò ní kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìwé tí wọ́n fi owó ara wọn ṣe. Ìwé tí ìjọba gbé fún wọn ṣe là ń sọ, a sì fẹ́ kí a san owó òǹkọ̀wé, ayàwòrán àti olóòtú pé kí ìwé tó jáde. Àwọn òbí mìíràn ń bẹ̀rù fóònù fúnra rẹ̀, ẹ̀rù wọn sì bá ọgbọ́n mu. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 pé ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí kan lọ nídìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lóòjọ́. Ọmọ tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ ni ìwé wọ̀nyí wà fún, àgbàlagbà ló sì yẹ kó di fóònù mú. Tí òbí kò bá mọ̀wé ńkọ́? Kí ohùn ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa bá ìwé kọ̀ọ̀kan rìn, kí ọmọ máa gbọ́ bí ó ti ń fi ojú tẹ̀lé e.

Ohun kan kù tí àwọn tó ń ṣe ìwé gbọ́dọ̀ ṣọ́. Lẹ́tà tó ní àmì lókè tó tún ní ti ìsàlẹ̀ máa ń dàrú lórí fóònù mìíràn: àmì á ṣí kúrò láyè rẹ̀, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó síbẹ̀. Ọmọ tó bá rí irú ìyẹn kò ní mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ. Nítorí náà, kí a fi irú lẹ́tà (font) tí a lò sínú fáìlì ìwé náà fúnra rẹ̀, kí a sì dán an wò lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú kí a tó gbé e síta.

Ẹ̀yin gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ fi gbólóhùn kan kún àdéhùn ìwé tí SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ yín, bá tún fẹ́ bá ẹnikẹ́ni ṣe: pé ìwé tí owó ìlú san, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ìlú. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi aṣòfin àdúgbò yín léèrè ọ̀rọ̀ yìí kó tó di pé ó tún wá tọrọ ìbò yín.