Ẹ Jẹ́ Kí Ọwọ́ Àwọn Àbúrò Náà Kàn Án

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi láti Kérésì tó kọjá, mi ò sì fẹ́ kó kú síbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ JSS 1 gé pépà aláwọ̀ oríṣiríṣi, wọ́n lẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀wọ̀n, wọ́n fi ṣe gbọ̀ngàn wa lọ́ṣọ̀ọ́. Òótọ́ ni pé ó wọ́, gọ́ọ̀mù sì yọ síta níbi púpọ̀. Nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn òbí dé, àwa ẹ̀gbọ́n já gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a fi èyí tí wọ́n rà lọ́jà rọ́pò. Èmi gan-an ni mo di àkàbà mú. Ọmọ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Kò sọ nǹkan kan.

Ẹ wo àwọn ará Bergen ní Norway. Láti ọdún 1991 ni wọ́n ti ń fi bisikíìtì atalẹ̀ kọ́ ìlú kékeré kan fún Kérésì. Wọn a po fúláwà, ṣúgà, bọ́tà àti atalẹ̀ pọ̀, wọn a gé e bí ògiri àti òrùlé, wọn a yan án títí yóò fi le. Ṣúgà tí wọ́n fi funfun ẹyin pò ni sìmẹ́ǹtì wọn. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi àtàwọn ọmọ iléèwé wà lára àwọn tó ń kọ́ ọ, iṣẹ́ wọn àti tàgbà sì jọ ń wà nínú ìlú kan náà ni. Lọ́dún 2009, wọ́n bá ìlú náà ní fífọ́ túútúú. Ṣé wọ́n wá káwọ́ lérí? Rárá o! Tọmọdé tàgbà tún yan, wọ́n tún kọ́.

Àwọn kan á ní àwọn òbí ò gbọ́dọ̀ bá gbọ̀ngàn wa ní wúruwùru. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wo ló máa ń wo ohun tí wọ́n rà lọ́jà nígbà tí iṣẹ́ ọmọ ẹ̀ wà lára ògiri?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Ẹ fún JSS ní ògiri iwájú lọ́dún yìí. Kí olùkọ́ Home Economics sì jẹ́ kí wọ́n ṣe bisikíìtì atalẹ̀ tí a lè so kọ́. Atalẹ̀ kì í ṣe àjèjì, ó pọ̀ ní Gúúsù Kàdúná. Kí wọ́n lu ihò sí i kí wọ́n tó yan án, kí wọ́n wá ki òwú bọ̀ ọ́. Tí kò bá sí ófùn, ìkòkò tí a da iyanrìn sí tó o yan. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ká so ó, torí èèrà!

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Ohun tí ọwọ́ tiwa wà fún nìyẹn, ká bá wọn gbé e kọ́.

Ìwọ tó o dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, o ti wọ JSS 2 báyìí. Àbúrò, má bínú. Lọ́dún yìí, tìẹ ni màá di àkàbà mú fún.