Àdàlù Orin Kì Í Ba Àṣà Jẹ́

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe máa ń wí. Gbogbo wa ní Ọ̀fà la gba òwe yìí gbọ́ bí ọ̀rọ̀ bá kan òwò. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ orin, ọ̀nà kan ṣoṣo la ń fẹ́. Bàtá gbọ́dọ̀ jẹ́ bàtá, jùjù gbọ́dọ̀ jẹ́ jùjù. Orin tí ó bá da ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, àmúlùmálà la ń pè é, a sì ń pe orúkọ náà bí ìgbà tí à ń bú ènìyàn. Èmi kò fara mọ́ èyí. Ohun tí mo fẹ́ fi yé ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi ni pé àwo orin tí a fi ọgbọ́n da oríṣiríṣi orin pọ̀ sínú rẹ̀ yẹ ní gbígbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì yẹ ní kíkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Nínú ìdíje àṣà kan tí ẹgbẹ́ wa kópa nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wa ta gìtá tẹ̀lé dùndún. Dùndún ń ki oríkì, gìtá ń dá a lóhùn. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́ títí. Adájọ́ kan ní kí wọ́n gé máàkì wa, ó ní gìtá kì í ṣe ti Yorùbá. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yẹn kò ti mú gìtá wá sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Bí a ṣe ń pa ẹ̀bùn ọmọ nìyẹn, tí a óò sì máa sọ pé àṣà la ń dáàbò bò.

Ẹ jẹ́ kí n bi irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ léèrè: jùjù ńkọ́? Báńjò tí Túndé King ń ta ní Èkó láàárín ọdún 1930 sí 1939, ṣé inú igbó Ọ̀fà ni wọ́n ti gé e? I. K. Dairo fi àkọ́díọ̀nù sí jùjù, kò sì sí ẹni tí ó lé e jáde nílé Yorùbá. Kódà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE ní ọdún 1963. Nígbà tí King Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde ní ọdún 1982, gìtá onírin tí àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà fẹ́ràn wà nínú rẹ̀, ó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ gángan. Gòjé inú sákárà pàápàá, Òkè Ọya ni a ti rí i. Bí a bá yọ gbogbo ohun àlejò kúrò nínú orin tí à ń pè ní tiwa, mélòó ni yóò kù?

Fẹlá ńkọ́? Ó lọ kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958. Nígbà tí ó yá, ó da highlife, jazz, orin fọ́ńkì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà àti ìlù ilẹ̀ wa pọ̀, ó di Afrobeat. Nínú àwo Confusion tí ó jáde ní ọdún 1975, orin kan ṣoṣo ló gba ojú méjèèjì àwo náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìṣẹ́jú méjì péré kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1973, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ní Èkó tí wọ́n ń jẹ́ BLO ti gbé àwo Chapter One jáde. Wọ́n fi gìtá rọ́ọ̀kì tí ń bú ramúramù sórí ìlù Áfíríkà.

Èyí ló mú mi dé orí orin tí àwọn òbí wa bẹ̀rù jù lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní progressive metal. Gìtá rẹ̀ le, ìlù rẹ̀ ń yí padà lójijì, orin kan lè gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Wọ́n ní ariwo òyìnbó lásán ni. Ó dára, ẹ bá mi gbọ́ àwo Holy Land tí ẹgbẹ́ Angra láti São Paulo ní Brazil ṣe ní ọdún 1996. Ìtàn bí àwọn Potogí ṣe dé Brazil ló wà nínú rẹ̀. Orin metal, orin àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù àti ìlù Brazil ló jọ ń rìn níbẹ̀. Nínú orin tí ń jẹ́ Carolina IV, orúkọ Yemọja ni wọ́n ń pè! Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé orúkọ náà dé ọ̀hún. Ní Kúbà, ẹgbẹ́ Síntesis ṣe àwo Ancestros ní ọdún 1987: orin òrìṣà ní èdè Yorùbá àtijọ́, pẹ̀lú gìtá oníná àti dùrù oníná. Kí ni òyìnbó lásán nínú ìyẹn?

Òbí kan lè dáhùn pé nítorí orúkọ òrìṣà yẹn gan-an ni òun kò ṣe fẹ́ ẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ rẹ̀, ilé rẹ̀ ni, òun ló ni àṣẹ. Ṣùgbọ́n kí ó sọ pé nítorí ìgbàgbọ́ ni. Kí ó má sọ pé nítorí pé kì í ṣe tiwa.

Àwọn mìíràn ní orin gígùn ń gba àkókò ìwé. Èrò tèmi yàtọ̀. Ohun tí ń ba ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ lónìí ni kí ó máa fo láti orí fídíò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan sí òmíràn. Ẹni tí ó bá lè jókòó ti odidi àwo fún wákàtí kan, tí ó ń ṣọ́ ibi tí ìlù ti yí padà àti ìdí tí ó fi yí, ẹni náà yóò lè jókòó ti ìwé.

Mi ò sọ pé gbogbo àdàlù ló dára o. Ẹ wo àdàlù tí à ń jẹ. Ẹ̀wà ń bẹ níbẹ̀ tí a rí i, àgbàdo ń bẹ níbẹ̀ tí a rí i, síbẹ̀ oúnjẹ kan ṣoṣo ni. Bí ẹ̀wà bá jinná tí àgbàdo sì le gbagidi, ẹni tó sè é ni kí a bá wí, kí a má bá àdàlù wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin. Ẹni tí ó kàn gbé gángan sórí orin fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí a lè sọ pé ó ní àṣà, kò tíì se nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí gángan bá ń sọ̀rọ̀ tí gìtá sì gbọ́ ohun tí ó sọ, iṣẹ́ ti ṣe nìyẹn.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo ń bèèrè. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a máa gbọ́ odidi àwo kan pọ̀ ní kíláàsì ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ àròkọ lé e lórí. Ẹ̀yin adájọ́ ìdíje àṣà, ẹ yé béèrè ibi tí ohun èlò ti wá. Ẹ béèrè ohun tí ọmọ fi ṣe. Ọmọ tí ó fi gìtá dá dùndún lóhùn kò sá kúrò nílé baba rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò ni, inú ilé náà ló sì wà tí ó ti ń kí i káàbọ̀.